Ìrìn-àjò sí Seattle Lẹ́yìn Ikú Ọ̀rẹ́ Mi Onígìtá

Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rẹ́ mi ló yẹ kó wà nínú bàálù yìí. Òun ló kọ orúkọ gbogbo ibi tí a ó dé sẹ́yìn ìwé orin kan, ó fa ìlà méjì sábẹ́ Renton, ìlú tí wọ́n sin Jimi Hendrix sí, ọmọ Seattle tó jẹ́ gbajúmọ̀ onígìtá, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni nínú wa lè gbàgbé Renton. Àìsàn ò jẹ́ kó rìn ín. Èmi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin la jọ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Seattle-Tacoma lọ́sàn-án òní. Ìwé náà wà nínú àpò mi. Fláàṣì kọ̀ǹpútà kan wà lọ́rùn àbúrò, ó fi okùn so ó kọ́. Nígbà tí a ń wọkọ̀ bọ̀, àfìgbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ ọn ló tó bọ́ ọ.

Ohun tó wà nínú fláàṣì yẹn la ń jà lé lórí, bí ìjà tí kò ní ariwo bá ṣì ń jẹ́ ìjà. Orin ni. Gìtá àti ohùn ọ̀rẹ́ mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó gbà á sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ nígbà tí agbára ìdúró lórí ìtàgé ti kúrò lára rẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí béèsì. Èmi sì ni mo máa ń ta béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, nínú ẹgbẹ́ wa. Àbúrò fẹ́ kí n ta tèmi sí i kí orin náà lè jáde. Mo ti sọ fún un pé mi ò ní í ṣe é, mo sì ti sọ fún un pé mi ò ní í gbọ́ ọ pàápàá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn gbọ́ ọ ná.” Bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Link gbé wa láti pápákọ̀ dé Capitol Hill láì pààrọ̀ ọkọ̀. Òjò ń ṣẹ́, irú èyí tí kì í pa èèyàn ṣùgbọ́n tí kì í dá. A rìn díẹ̀ lójú pópó Broadway, a dé ibi tó ti pàdé Pine. Jimi Hendrix kúnlẹ̀ síbẹ̀ tòun ti gìtá rẹ̀, ère idẹ tí Daryl Smith mọ, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1997. Ẹnìkan ti fi òdòdó há a lọ́wọ́. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń kọjá lọ láì wò ó. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó ti di ará àdúgbò.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a dé iwájú ilé ọtí Comet, tí kò jìnnà sí ère náà. Ibẹ̀ ò sí nínú ìwé ọ̀rẹ́ mi. Àbúrò ló ní òun fẹ́ rí i. Ní oṣù keje 1993, Mia Zapata, akọrin ẹgbẹ́ The Gits, jáde nílé ọtí yìí lóru, ó yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan nítòsí, ó sì jáde níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n pa á lójú ọ̀nà. Ẹni ọdún 27 ni. Àwọn ọlọ́pàá wádìí títí, wọn ò rí ẹni tó ṣe é. Làwọn olórin ìlú yìí bá dìde: àwọn ẹgbẹ́ olórin gbajúmọ̀ bíi Nirvana, Pearl Jam àti Soundgarden wà lára àwọn tó bá wọn wá $70,000 láti fi gba ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni. Àwọn ọ̀rẹ́ Mia dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Home Alive, tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe lè gba ara wọn sílẹ̀ bí ẹnìkan bá kọ lù wọ́n. Joan Jett, gbajúmọ̀ olórin rọ́ọ̀kì, wá bá àwọn tó ṣẹ́kù nínú The Gits kọrin. Ọdún 2003 ni àyẹ̀wò DNA tó tú àṣírí apànìyàn náà, Florida ni wọ́n ti mú un, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ ní 2004.

Àbúrò dúró pẹ́ níwájú ilẹ̀kùn yẹn. Kò wọlé.

“Àwọn wọ̀nyí ò kàn sunkún, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ṣiṣẹ́.”

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Òwúrọ̀, MoPOP, mùsíọ́ọ̀mù orin àti àṣà ìgbàlódé. Paul Allen, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Microsoft sílẹ̀, ló fowó kọ́ ọ, nítorí ìfẹ́ Hendrix. 2000 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n ní Frank Gehry tó ya àwòrán ilé náà gé gìtá sí wẹ́wẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì hàn: ilé náà wú síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, ọkọ̀ ojú irin kan sì gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú ilé, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Trimpin to gìtá àti ohun èlò orin mìíràn tó lé ní 500 jọ sókè títí wọ́n fi di òpó gíga kan. Àwọn kan nínú wọn ń dá ara wọn ta. Ó ń ya ọmọdé lẹ́nu, ó ya èmi náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gìtá tí kò sí ọwọ́ lára rẹ̀ ń sú mi kíákíá. A ò pẹ́ níbẹ̀.

Níta ni ère Chris Cornell wà, wọ́n gbé e síbẹ̀ ní 2018. Olórin Soundgarden, ọmọ Seattle. Ó kọrin ní Detroit ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún 2017, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ, ẹni ọdún 52. Ní alẹ́ tó tẹ̀lé e, wọ́n pa gbogbo iná Space Needle, ilé gogoro tí gbogbo ayé fi ń dá ìlú yìí mọ̀, fún wákàtí kan. Ọ̀rẹ́ mi sọ èyí fún mi nígbà náà pẹ̀lú ìlara tí kò fi pa mọ́. “Ta ló máa paná fún wa?” Mo dá a lóhùn pé a ò tíì san owó iná tiwa. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀sán, a gba ọ̀nà Sand Point lọ sétí adágún Washington. Ohun tí Soundgarden fi jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀, nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́ àti òkun. Wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀ wa lẹ́nu géètì. Douglas Hollis ló ṣe é: òpó irin méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé páìpù kan lórí, tí atẹ́gùn bá sì fẹ́, páìpù á máa ké. Nígbà tí Cornell kú, ibí làwọn ènìyàn gbé òdòdó wá.

Atẹ́gùn ò lágbára. A jókòó tì í kó tó dáhùn, ohùn kan tó wálẹ̀ gan-an, bíi béèsì tí kò tíì pinnu orin tó máa bá lọ. Àbúrò wò mí. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Renton, ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Mo yá mọ́tò, a gba Rainier Avenue sọ̀kalẹ̀ síhà gúúsù, nítorí ọ̀nà yẹn gan-an ló kún fún Hendrix. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tí ilé ìtajà irin-iṣẹ́ ńlá kan wà báyìí, pápá ìṣeré Sicks' Stadium ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ló ti kọrin fún ìlú rẹ̀ kẹ́yìn, ọjọ́ 26 oṣù keje 1970, nínú òjò. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án, ó kú ní London. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wálé, wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un ní ìjọ Dunlap Baptist ní àdúgbò yìí kan náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Miles Davis, gbajúmọ̀ olórin jáàsì, wá. Mitch Mitchell àti Noel Redding, onílù àti oníbéèsì rẹ̀, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo dín eré mọ́tò kù nígbà tí mo dé ibi tí mo rántí Redding. Oníbéèsì tó wá sin onígìtá. N kò rí ohun tí mo lè fi kún un.

Itẹ́ òkú Greenwood wà lórí òkè. Ìrántí Hendrix ò pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: òpó òkúta mẹ́ta gbé òrùlé róbótó kan ró, àwòrán ojú rẹ̀ wà lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, sàréè kékeré ló ní, pẹ̀lú òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ gìtá sí lára. Àwọn tó ń wá kí i pọ̀ débi tí ìdílé fi kọ́ ti òní, wọ́n sì gbé e wá síbẹ̀ ní 2002, ọdún tí bàbá rẹ̀ Al náà kú.

Àbúrò kúnlẹ̀ ti òkúta àtijọ́ náà, ó ń fi ìka tọ okùn gìtá tí wọ́n gbẹ́ sí i. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbẹ́ fún un!”

Òótọ́ ni. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó dorí gìtá kodò nítorí pé ọwọ́ òsì ló ń lò, gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi tì í. Ọ̀rẹ́ mi náà, ọwọ́ òsì ló fi ń ta. Ó lo gìtá àlòkù tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún fún ọ̀pọ̀ ọdún, bọ́tìnnì ohùn rẹ̀ ń gún un ní apá, kò sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó lówó. Ká ní ó rí òkúta yìí ni, ì bá ti bínú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. A rẹ́rìn-ín títí àwọn àlejò mìíràn fi ń wò wá. Ẹ̀rín náà yí padà lójú àbúrò, mo sì jókòó tì í títí ó fi nu ojú rẹ̀ tán.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ẹjọ́ mi. Mo ní, ìwọ wo òkú yìí. Kò ṣe ìwé ìhágún. Bàbá rẹ̀ ló jogún ohun gbogbo, ṣùgbọ́n 1995 ni orin ọmọ rẹ̀ tó padà sọ́wọ́ rẹ̀, owó Paul Allen ni wọ́n sì fi jẹ́ ẹjọ́ náà. Láàárín àkókò yẹn, ẹ wo ohun tí wọ́n fi téèpù rẹ̀ ṣe. Ní 1975, Alan Douglas tí téèpù wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbé àwo-orin Crash Landing jáde. Ó pa ohun tí àwọn tó bá Hendrix wọ sítúdíò ta rẹ́, ó gba àwọn olórin àgbàṣe, ó ní kí wọ́n ta tiwọn rọ́pò. Ó tún fi orúkọ ara rẹ̀ kún orúkọ ẹni tó kọ àwọn kan nínú orin náà. Òkú ò lè sọ pé “rárá, tún un ta.” Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní í fọwọ́ kan orin ẹ̀gbọ́n rẹ.

Àbúrò ò dá mi lóhùn. Ní òru ló tó kan ilẹ̀kùn yàrá mi, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ẹ ò sọ ti 1971.”

Ó ti kà á. The Cry of Love, àwo-orin àkọ́kọ́ tí wọ́n tò lára iṣẹ́ sítúdíò tí Hendrix ò parí, oṣù kẹta 1971 ló jáde. Eddie Kramer tó máa ń bá a gba orin sílẹ̀ àti Mitch Mitchell ló tò ó. Níbi tí ìlù ò tíì tọ́, Mitchell fúnra rẹ̀ jókòó, ó tún un lù. Onílù rẹ̀ gan-an, ẹni tó wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin náà.

“Ta ni ẹ̀yin nínú àwọn méjèèjì?” Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ.

N kò fẹ́ràn ìbéèrè tó dára ní àárín òru.

Ọjọ́ Àìkú

Aberdeen jìnnà, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì. Kurt Cobain, akọrin Nirvana, ni wọ́n bí síbẹ̀ ní 1967. Kò sí sàréè fún un níbi kankan, wọ́n sun òkú rẹ̀ ni, nítorí náà àwọn ènìyàn máa ń wá ibi tí wọ́n lè fi ẹ̀dùn wọn sí. Ní ẹnu ọ̀nà ìlú, wọ́n fi orúkọ orin rẹ̀ kan kí àlejò lórí pátákó. Lábẹ́ afárá Young Street, létí odò Wishkah, ìkọ̀wé bo gbogbo kọnkéré: orúkọ, ọjọ́, ọkàn tí a yà. Ìtàn sọ pé ó máa ń sùn síbẹ̀. Krist Novoselic, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta béèsì fún Nirvana, ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n máa ń ṣeré níbẹ̀, ṣùgbọ́n odò máa ń kún, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo wo ẹrẹ̀ náà. Oníbéèsì ni mo gbà gbọ́.

Nígbà tí a padà sí Seattle, a dé Viretta Park, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí Cobain kú sí ní oṣù kẹrin 1994. Àga onígi ni ìrántí rẹ̀, ìkọ̀wé bò ó bíi ti abẹ́ afárá. Ọ̀dọ́ kan tí kò tíì dé ayé nígbà yẹn ń sunkún níbẹ̀. N kò mọ ohun tí mo rò nípa ẹkún lórí ẹni tí a ò rí rí. Àbúrò ní òun mọ̀: ẹkún ẹlòmíràn ló wà lójú ọmọ yẹn, ó kàn rí ibi gbé e sí ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé

Sítúdíò London Bridge wà ní Shoreline, lókè ìlú, nínú ilé tí o lè kọjá lójoojúmọ́ láì mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Rick àti Raj Parashar, ọmọ ìyá, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n máa ń mú àlejò wọlé wò ó. Yàrá ńlá, òrùlé tó ga, ògiri bíríkì, àti tábìlì Neve àtijọ́, èyí tí wọ́n fi ń po ohùn orin pọ̀, tí ọwọ́ ti fi bọ́tìnnì rẹ̀ dán. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láti gbọ́ bí yàrá náà ṣe ń dáhùn. Gbogbo olórin tó bá wọlé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi nìkan.

Ìtàn tí mo tìtorí rẹ̀ wá síbí ni ti Andrew Wood. Akọrin Mother Love Bone ni, ọmọkùnrin aláwàdà tó ń múra bí ọba. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta 1990, oògùn olóró ló pa á, ẹni ọdún 24, nígbà tí àwo-orin àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra àtijáde. Chris Cornell ló jọ ń gbé ilé kan tẹ́lẹ̀. Cornell kọ orin méjì láti fi dárò rẹ̀, ó mú wọn tọ Stone Gossard àti Jeff Ament lọ, onígìtá àti oníbéèsì tí Wood fi sílẹ̀. Matt Cameron bá wọn lu ìlù, Mike McCready bá wọn ta gìtá. Yàrá yìí ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀ ní ìparí 1990, ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ṣe é, ó sì jáde ní 1991 lórúkọ Temple of the Dog. Wọn ò retí owó kankan lórí rẹ̀.

Ohun kan nínú ìtàn náà ń yọ mí lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn ohùn tó wà nínú rẹ̀ ni Eddie Vedder, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti San Diego dé, tí kò pàdé Wood rí. Cornell ń wá bó ṣe máa kọ apá ìsàlẹ̀ orin kan, kò wọlé dáadáa, ni àlejò náà bá rìn lọ sídìí maikirofóònù, ó kọ ọ́. Mo ti ń fi ẹnu mi sọ pé àlejò ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orin òkú. Àlejò rèé.

Mo sọ fún àbúrò pé wọ́n kọ orin tiwọn ni, wọn ò tún ti Wood ṣe. Ó ní òótọ́ ni. Ó bọ́ okùn lọ́rùn, ó fi fláàṣì sí mi lọ́wọ́, ó sì lọ dúró níta.

Mo gbọ́ ọ nínú mọ́tò, lórí kọ̀ǹpútà mi, pẹ̀lú íápíìsì létí.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni ohùn rẹ̀. Kì í ṣe ohùn rẹ̀ ló mú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, tó ń lu ilẹ̀ lábẹ́ gìtá, tó ń yára jù bí ó ti máa ń yára. Ikọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti àga tó ń ké. Àwọn orin kan wà tó ta tí kò fi àyè sílẹ̀ rárá, gìtá kún ibi gbogbo, ó ń kùn lábẹ́ rẹ̀, orin tí a kọ láti dá gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mìíràn, ó dé àárín, ó sì dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ ń ka ìlà mẹ́rin, gìtá ò sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó padà wọlé bí ẹni pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ibi tí béèsì máa ń dá ta nìyẹn. Ó fi í sílẹ̀, ó dákẹ́, ó dúró dè mí kí n ta á tán.

Mo tún ibẹ̀ gbọ́ títí bátìrì kọ̀ǹpútà fi lọ sílẹ̀. Nígbà tí àbúrò ṣílẹ̀kùn mọ́tò, kò bi mí ní nǹkankan, ó na omi sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Pápákọ̀. Bàálù pẹ́, ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí a ní ìwé láti kọ. Èyí tí ó fi àyè sílẹ̀ nínú wọn ni mo máa ta. Èyí tí kò fi àyè sílẹ̀, bó ṣe wà ni yóò ṣe jáde, àtikọ́ àtàga. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún ohùn rẹ̀ ṣe. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa wà níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó kọ orin, owó tó bá sì wọlé, ti àwọn òbí wọn ni. Àbúrò kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orin kan náà, ó ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i, òun náà fọwọ́ sí i. Mo ní kó má ṣe bí lọ́yà. Ó ní ẹni tó wo itẹ́ òkú Hendrix yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí lọ́yà.

A ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí onílù wa, pẹ̀lú orin àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tó fi ohùn ránṣẹ́ padà. Ó sunkún díẹ̀, ó fa imú, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

“Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń sáré? Mo sọ fún ọkùnrin yìí títí, kò gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà dín eré rẹ̀ kù díẹ̀ kí n lè rí ibi jókòó.”

Àbúrò gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìsinmi. Ẹ ò ní í dín nǹkankan kù. Ẹ sáré tẹ̀lé e.”